Ọdún Tí Ìyá Ìmẹ̀sí Kọ́ Bí A Ṣe Ń Sọ Hẹ̀lóò

Ọmọ mi obìnrin kì í kí ènìyàn lórí fóònù. Bó bá ti gbé e sétí, hẹ̀lóò kan ṣoṣo ló máa sọ, á sì dákẹ́ kí ẹni tó pè é máa rojọ́. Mo ti bá a wí títí ó ti sú mi. Èsì rẹ̀ kò ju pé, "Ẹ má bínú, Màámi, gbogbo ayé ló ń sọ ọ́." Kò parọ́. Èmi náà ń sọ ọ́ fún àwọn tó ń polówó ilẹ̀ àti àwọn tó ṣi nọ́ńbà pè. Ṣùgbọ́n ilé tí mo dàgbà sí, ọ̀rọ̀ yẹn ti sọ ẹni tó wà láàyè di òkú níbẹ̀ rí, ó sì tún bá wa mú ẹni tó ti sọnù wálé. Nítorí náà, tí mo bá gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ mi báyìí, àyà mi máa ń kọ́kọ́ já kí n tó rántí pé wọn kò tíì bí i nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀.

Òṣogbo ni ilé wa wà, nínú agbo ilé bàbá mi, níbi tí òórùn aró ti ń kí ènìyàn káàárọ̀ kí oòrùn tó yọ. Àwọn ìyá àgbà ilé náà ṣì ń rẹ aṣọ lẹ́yìnkùlé nígbà náà, omi aró a máa ṣàn gba ojú gọ́tà kọjá lẹ́bàá ilé ìwẹ̀ wa, tí ẹsẹ̀ àwa ọmọdé fi ń dúdú láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ìpè àdúrà ló kọ́kọ́ máa ń jí mi, lẹ́yìn rẹ̀ ìró ìgbálẹ̀, lẹ́yìn ìgbálẹ̀ ni ohùn Ìyá Ìmẹ̀sí. Ìyá Ìmẹ̀sí ni ìyá tó bí ìyá mi. Ìmẹ̀sí-Ilé ni ìyá mi ti lọ mú un wá sọ́dọ̀ wa nígbà tí orúnkún rẹ̀ kò gbé e dé oko mọ́. Onígbàgbọ́ ni, ó wá bọ́ sáàárín ìmàle, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó dé tí gbogbo agbo ilé fi di tirẹ̀, nítorí pé kò sí ẹni tó mọ ènìyàn í kí bíi tirẹ̀. Á jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, á sì máa kí olúkúlùkù gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Aláró ń kọjá, "Àrẹ̀dú o!" Ẹni tó ń dirun, "Ojú gbooro o!" Ẹni tó gbé igbá lọ sọ́jà, "Ajé á wọ igbá o!" Ẹni tó ru àdá, "Àrokobọ́dúndé o!" Bí kò bá mọ ohun tó ò ń ṣe, á kọ́kọ́ bi ọ́, kó má baà ṣì ọ́ kí. Ìjẹ̀ṣà pọ́ńbélé ló ń sọ. Èmi ni mo ń tún un sọ ní ti Òṣogbo níbí, àfi ibi tí ẹnu mi bá kọ̀ fún mi.

Bàbá mi ń kọ́ àwọn ọmọ ní èdè òyìnbó nílé ìwé girama. Tíṣà ni gbogbo agbo ilé ń pè é. Ìfẹ́ tó ní sí iṣẹ́ náà pọ̀ ju ohun tí ilé lè gbà lọ: kò sí ọ̀rọ̀ òyìnbó tí kì í wá ìyá àti bàbá fún. Bó o bá ní kó fún ọ ní ṣíbí, á sọ ibi tí ṣíbí ti ṣẹ̀ wá fún ọ kó tó na ṣíbí náà sí ọ, ọbẹ̀ á sì ti tutù. Òun ló ra fóònù àkọ́kọ́ tó wọ agbo ilé wa. Ojú fèrèsé pálọ̀ nìkan ni nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ti ń mú, nítorí náà ìyá mi gbé àpótí kékeré kan síbẹ̀, ó fi aṣọ oníhòhò tó fọwọ́ hun bò ó, ó gbé fóònù lé e lórí. Àwọn ará ilé ń wọlé wá wò ó, wọ́n ń gbàdúrà fún un bí ẹni pé ọmọ tuntun ni. Ohùn tó ń ti inú rẹ̀ jáde le débi pé gbogbo pálọ̀ ló ń gbọ́ ohun tí wọ́n bá sọ.

Àmọ́ nítorí ẹnì kan ṣoṣo ni ìyá mi ṣe fẹ́ kí fóònù wọlé. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, àbíkẹ́yìn Ìyá Ìmẹ̀sí, ti lọ sókè Ọya láti lọ máa ta ẹ̀yà ara mọ́tò láti ìgbà tí èmi kò tíì mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Àjàyí ni orúkọ tó mú tọ̀run wá, nítorí pé ó dojú bolẹ̀ nígbà tí wọ́n bí i. Kò tíì wálé láti ìgbà tó ti lọ. Kìkì ìròyìn ló ń dé, lẹ́nu àwọn awakọ̀ àti àwọn ará Ìmẹ̀sí tó ń ṣòwò níbẹ̀, ìròyìn náà sì ń dínkù lọ́dọọdún. Ìyá Ìmẹ̀sí kì í sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n nígbàkigbà tí wọ́n bá gún iyán nílé wa, á gé òkèlè àkọ́kọ́, á mú un lọ́wọ́ díẹ̀ kó tó fi kan ọbẹ̀, ìyá mi á sì yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ọjọ́ tí Bọ̀ọ̀dá Àjàyí kọ́kọ́ pè, òjò ń rọ̀. Bàbá mi gbé fóònù lé ìyá àgbà létí, ó ní, "Màmá, Àjàyí ni o." Háà! Ìyá Ìmẹ̀sí dìde dúró, àwọn orúnkún tí kò gbé e dé oko yẹn. Ó bẹ̀rẹ̀: "Àjàyí! Àjàyí ògídí olú, oníkànga àjípọn! Ọmọ mi, ṣé o jí ire? Ṣé ara le? Ẹ̀yìn rẹ tó máa ń dùn ọ́ ńkọ́? Àwọn ará ulé tí ò ń gbé ńkọ́? Onílé rẹ ńkọ́, ṣé ó ń ṣe dáadáa sí ọ? Ọjà ńkọ́? Òtútù ibẹ̀ ńkọ́? O kú ìjókòó ẹ̀yìn odi, o kú àfaradà o!" Bọ̀ọ̀dá Àjàyí ń dáhùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, "A dúpẹ́, Màmá. Ó wà, Màmá. Ara rẹ̀ le, Màmá." Lẹ́yìn náà la gbọ́ tó mí kanlẹ̀, tó ní, "Màmá, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá yín sọ." Ìyá Ìmẹ̀sí ní, "Ọ̀rọ̀ ire ni yóò jẹ́ lágbára Olúwa. Ṣé o sì ń rí iyán jẹ níbẹ̀?" Kí ó tó dáhùn ti iyán, fóònù já. Owó tó san ti tán.

Ìdí àwọn tó ń fi fóònù ṣòwò lẹ́bàá títì ló ti ń pè. Nígbà tí bàbá mi pe nọ́ńbà náà padà, Gàm̀bàrí kan ló gbé e, ó ní ẹni náà ti lọ. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí nígbà kejì. Bẹ́ẹ̀ náà ló tún ṣe rí lẹ́yìn ìyẹn. Bó bá pè, Ìyá Ìmẹ̀sí á kì í, á kí i, á béèrè gbogbo ohun tó ń bẹ lábẹ́ òrùn, bó bá sì ti ní "Màmá, ọ̀rọ̀ kan wà," fóònù á já. Nǹkan náà wá di ẹrù sí ìyá mi lọ́rùn. Kí ló fẹ́ sọ? Ṣé àìsàn ni? Ṣé ó ti jẹ̀bi ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ ni? Àbí ó fẹ́ sọ pé òun kò ní wálé mọ́ láyé? Mo rí i lọ́jọ́ kan tó ń fọ ìkòkò kan náà léraléra, tí ìkòkò náà ti mọ́ tipẹ́. Ó sọ fún bàbá mi pé, "Bàbá Kúdí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bá Màmá sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ni tíṣà. Bí èmi bá sọ fún un pé kó má kí ọmọ rẹ̀, á ní mo ya aláìlẹ́kọ̀ọ́."

Ẹ̀yìnkùlé ni bàbá mi ti lọ bá a, níbi tí èmi àti Ìyá Ìmẹ̀sí ti ń bó ẹ̀gúsí. Ó dọ̀bálẹ̀ kí i bí àna ti ń ṣe, ó ní, "Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ òyìnbó kan ni mo fẹ́ kí ẹ máa fi gbé fóònù. Hẹ̀lóò ni. Bí ẹ bá ti sọ ọ́, ẹ dákẹ́, kí Àjàyí lè ráyè sọ ohun tó wà nínú rẹ̀." Ìyá Ìmẹ̀sí kò dá ọwọ́ iṣẹ́ dúró. Ó ní, "Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?" Ojú bàbá mi tàn! Nínú gbogbo wa nílé, kò tíì sí ẹni tó fẹnu ara rẹ̀ bi í ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ rí. Ó fa àpótí kan, ó jókòó. Ó ní látijọ́, igbe ni, kì í ṣe ìkíni. Bí ènìyàn bá dé etí odò nílẹ̀ àwọn òyìnbó, tí ọlọ́kọ̀ wà lódìkejì, á ké ohun tó fara jọ ọ́ kí ọlọ́kọ̀ lè tukọ̀ wá gbé e. Àwọn ọdẹ ń fi ké sí ajá. Ẹni tí nǹkan bá yà lẹ́nu náà a máa ké e. Ó ní nígbà tí wọ́n wá ṣe tẹlifóònù, àwọn àgbà ìdí iṣẹ́ náà kò fẹnu kò lórí ohun tó yẹ kí ènìyàn kọ́kọ́ sọ. Ọ̀kan ní igbe àwọn atukọ̀ òkun ni kí wọ́n máa lò, òmíràn ní hẹ̀lóò, hẹ̀lóò sì borí. Fóònù ló sọ ọ́ di ìkíni, ẹsẹ̀ fóònù ló sì fi rìn dé gbogbo ayé.

Ìyá Ìmẹ̀sí fẹ́ èèpo ẹ̀gúsí dànù. Ó ní, "Ó yé mi, Bàbá Kúdí. Igbe etí odò ni. Bí ọlọ́kọ̀ bá wá tukọ̀ dé ńkọ́? Ṣé ẹ ò níí kí i ni?" Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ fìlà. Ó ní, "Ẹ ó kí i, Màmá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ gúnlẹ̀ ná." Mo ti ronú sí èsì méjèèjì yìí láti ìgbà tí mo ti dàgbà, n kò sì tíì mọ èwo nínú wọn ló tọ̀nà jù. Lọ́jọ́ náà ṣá, ti bàbá mi ló borí, nítorí pé òun ló ra fóònù.

Ẹ̀kọ́ wá bẹ̀rẹ̀. Èmi ni mo máa ń ṣe Àjàyí. Màá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò aró, màá gbé ọwọ́ sétí, màá ní, "Gíríín, gíríín." Ìyá Ìmẹ̀sí náà á gbé ọwọ́ sétí, á ní, "Ẹ̀lóò," lẹ́tà àkọ́kọ́ á ti bọ́ sọ́nà. Bí mo bá ti wá ní, "Màmá, èmi ni," ẹnu rẹ̀ á ṣí: "Àjàyí ògídí—" Àwọn aláró á bú sẹ́rìn-ín. A tún un ṣe, ó tún já a. Nígbà tó yá, ó wá ọgbọ́n dá: bó bá ti ní ẹ̀lóò tán, á ká etí ìró rẹ̀, á fi bo ẹnu. Bó ṣe mọ̀ ọ́n nìyẹn.

Nígbà tí Bọ̀ọ̀dá Àjàyí pè, gbogbo wa wà ní pálọ̀. Ìyá Ìmẹ̀sí gba fóònù. Ó ní, "Ẹ̀lóò." Ó fi ìró bo ẹnu. Bàbá mi ń mi orí sí i bó ti ń ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́ tó gba ìdánwò. Ohùn inú fóònù ní, "Màmá?" Ìyá Ìmẹ̀sí kò yọ ìró kúrò lẹ́nu. "Màmá, èmi ni. Àjàyí ni." Mo rí i tí ọ̀fun rẹ̀ ń lọ sókè sódò, tí oríkì ń wá ọ̀nà àtijáde, àmọ́ ó gbé e mì. Ó ní, "Mò ń gbọ́. Sọ ọ̀rọ̀ rẹ." Mọ́tò kan ń kọjá lódìkejì. Lẹ́yìn náà ni Bọ̀ọ̀dá Àjàyí fi ohùn tó rọra lọ sílẹ̀ béèrè pé, "Ta nìyẹn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún màmá mi ní fóònù." Ìyá mi já a gbà, ó ní, "Àjàyí, Màmá nìyẹn! Màmá ló ń bá ọ sọ̀rọ̀!" Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ má tàn mí jẹ." Fóònù kú.

Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ wa ti mọ ohun tó rò. Níbi tiwa, wọn kì í túfọ̀ fún ọmọ tó wà lájò. Bí ìyá rẹ̀ bá kú, tó bá béèrè rẹ̀, wọ́n á ní ó lọ sóko, ó ń sùn, ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọgbọ́n kéékèèké bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á fi máa mú un títí yóò fi dé ilé. Bọ̀ọ̀dá Àjàyí ti gbé ayé tó láti mọ ọgbọ́n náà. Ìyá tó bí i kò gbé fóònù rẹ̀ rí láìpe ògídí olú. Obìnrin kan wá ń sọ hẹ̀lóò fún un, ó ní kó sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kí ni kó tún máa bi wọ́n? Ṣùgbọ́n kò sí èyíkéyìí nínú wa tó ro ìyẹn nígbà náà. Bàbá mi ní nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni kò dára. Ìyá Ìmẹ̀sí jókòó, ó tú etí ìró rẹ̀ tó ká sílẹ̀, ó sì ń fọwọ́ tẹ́ ẹ lórí itan. Ó ní, "Mo ti lé ọmọ mi." Wọ́n gún iyán lọ́jọ́ náà, kò fọwọ́ kàn án. Ẹni tó máa ń sọ fún wa pé iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ! Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù tó bà mí. Bàbá mi pàápàá kò sọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kankan fún ọjọ́ bíi mélòó kan.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni ọkùnrin kan wọlé, eruku ọ̀nà ti sọ irun rẹ̀ di funfun, kò gbé nǹkan kan ju àpò ọ̀rá lọ. N kò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n iwájú orí rẹ̀ jọ ti ìyá mi. Bàbá mi fò dìde: "Àjàyí! Káàbọ̀, káàbọ̀, o kú ewu ọ̀nà! Jókòó ná, jókòó. Kúdí, bu omi wá!" Inú rẹ̀ ló dùn. Àmọ́ báyìí gan-an ni wọ́n ń ṣe fún ẹni tí wọ́n fẹ́ túfọ̀ fún: jókòó ná, mu omi ná. Ìyá mi tún yọjú láti ilé ìdáná, ó rí àbúrò rẹ̀, ó sì bú sẹ́kún ayọ̀. Ó tán! Bọ̀ọ̀dá Àjàyí ti ọwọ́ mi àti ife omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Ẹ gbé omi yẹn kúrò. Níbo lẹ sin ín sí?" Ó bọ́ sílẹ̀ láàárín pálọ̀, ó ká ọwọ́ lérí, ó ń ké. N kò tíì rí àgbàlagbà ọkùnrin tó sunkún bẹ́ẹ̀ rí. Bàbá mi ń sọ pé, "Rárá o, rárá o," ṣùgbọ́n ta ní ń gbọ́?

Ìyá Ìmẹ̀sí wà ní ilé ìwẹ̀. Ó gbọ́ ẹkún ọkùnrin nínú ilé, kò sì mọ ti ẹni tó jẹ́, ṣùgbọ́n ó mọ bí wọ́n ti ń kí ẹni tó ń sunkún. Kó tó yọ pàápàá la ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀: "Ẹ pẹ̀lẹ́ o! Ẹ kú ará fẹ́ra kù o! Olúwa á dá ẹ̀yìn sí o! Ta ló fi wá sílẹ̀?" Ó yọ lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, ìró rẹ̀ dé àyà, ọṣẹ ṣì wà létí rẹ̀ kan, ó ń bá ọmọ rẹ̀ kẹ́dùn ikú ara rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Àjàyí gbé orí sókè. Wọ́n wo ara wọn. Ìgbà náà ni oríkì tó ti gbé mì ní ọjọ́ yẹn jáde, tòun ti èlé: "Àjàyí! Àjàyí ògídí olú, oníkànga àjípọn!" Bọ̀ọ̀dá Àjàyí dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ojú rẹ̀ bolẹ̀ bí ọjọ́ tí wọ́n bí i. Ìyá Ìmẹ̀sí kí i. Ó béèrè ara, ó béèrè ẹ̀yìn, ó béèrè onílé àti òtútù, ó kí i kú ìrìn, ó kí i kú ewu, ó kí i kú àárò ilé, kò sì sí owó ẹnikẹ́ni tó ń tán lọ. Bàbá mi jókòó, ó ń fi fìlà nu ojú.

Nígbà tó kí i tán, tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó ní, "Ó yá, kí ni ọ̀rọ̀ náà?" Bọ̀ọ̀dá Àjàyí kò dìde. Ilẹ̀ ló ń wò. Ó ní, "Màmá, iná jó ṣọ́ọ̀bù mi. Kò ku nǹkan kan. Mo fẹ́ bi yín bóyá mo lè máa bọ̀ wálé bẹ́ẹ̀, lọ́wọ́ òfo." Ìdí tó fi ń pè láti ọjọ́ yìí wá nìyẹn. Ìyá Ìmẹ̀sí ní, "Ilé làbọ̀ simi oko. Ta ló sọ fún ọ pé ẹni tó ń ti oko bọ̀ gbọ́dọ̀ ru ẹrù? Dìde, lọ wẹ̀. Kúdí, lọ bá ìyá rẹ gbé odó." Nígbà tí a ń gún iyán náà, mo gbọ́ ohun tó sọ fún ìyá mi láàárín ìró ọmọ odó. Ó ní, "Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà wúwo. Ohùn rẹ̀ ti sọ fún mi láti ìgbà àkọ́kọ́. Ẹ̀rù rẹ̀ ló ń bà mí, kó má lọ jẹ́ pé kò níí wálé mọ́ ló fẹ́ sọ. Ni mo ṣe ń kí i. Níwọ̀n ìgbà tí mo bá ń kí i, kò tíì sọ ọ́." Ìyá mi dá ọmọ odó dúró lókè díẹ̀, kó tó jẹ́ kó bọ́.

Bọ̀ọ̀dá Àjàyí tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, níbi tó lè ti máa wá jẹ iyán lọ́jọ́ ìsinmi. Nígbà tí fóònù wá di ohun tí gbogbo ènìyàn ní, ó ra kékeré kan fún ìyá rẹ̀. Inú ìgbànú ló ń so ó mọ́. Àràárọ̀ ló ń pè é, ní ìgbà tí àwọn aláró bá ń tan iná sábẹ́ ìkòkò, àràárọ̀ ni gbogbo agbo ilé sì ń gbọ́ ògídí olú, oníkànga àjípọn. Kò sí ẹlòmíràn tó ń gbé fóònù yẹn. Hẹ̀lóò kò sì wọ inú rẹ̀ rí.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni, lẹ́yìn ọdún púpọ̀, èmi ti dàgbà di obìnrin, mo wá kí wọn nílé. Fóònù ké nínú ìgbànú tó wà lórí àga. Ìyá Ìmẹ̀sí wà lórí ẹní, a ti fi aṣọ funfun bò ó. Ìyá mi wo fóònù náà títí. Mo mọ ohun tó yẹ kó sọ, òun náà mọ̀ ọ́n: Màmá ń sùn, Màmá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó gbé e sétí, ó la ẹnu, àmọ́ irọ́ kò jáde, oríkì náà kò sì lè jáde, nítorí kì í ṣe tirẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó kù ló sọ. Ó ní, "Hẹ̀lóò."

Lódìkejì, Bọ̀ọ̀dá Àjàyí ní, "Mo ti gbọ́, Àǹtí mi. Mò ń bọ̀."